Aṣọ Pupa Tí Òyìnbó Gbé Kọjá Odò

                                                  Ilé Bàbá Ìbítóyè,
                                                  Odòlú, Kàbà.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún,
                                                  Oṣù Kẹta, 1957.

Lájídé, ọmọ ìyá mi tí ìyá kan náà kò bí wa,

Okun o! Mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kejì, okun o, nítorí mo mọ̀ pé ní Ìbàdàn tí o wà yẹn kò sí ẹni tí ń kí ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ooru. Magdalene ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tí ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí ó ń múra ìdánwò? Sọ fún un pé èmi bàbá rẹ̀ ní Kàbà ní kí ó má fi ìṣirò ṣeré. Má sì sọ fún un iye tí èmi fúnra mi gbà nínú ìṣirò nígbà ayé wa. Rachel ìyàwó mi ń kí yín. Ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ náà le, nítorí àná ni ó ti ń bá mi jà, o ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Òjò kan ṣoṣo ni ó tíì rọ̀ fún wa láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ebè wà nílẹ̀, iṣu kò tíì wọlẹ̀.

Lájídé, jókòó kí o tó ka ìyókù. N kò túfọ̀ ẹnikẹ́ni fún ọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí ti Òkè-Àpárò, wà láàyè. Mo rí i lánàá, ó jẹ iṣu lójú mi, ó sì bú mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀la, Ọjọ́ Ajé, àwọn dógarì, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá hákímì, yóò wọ abúlé náà láti wá mú òun àti ọkùnrin méje mìíràn, n kò sì mọ bí ilẹ̀ yóò ṣe ṣú bá wọn. Ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn, kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o sì lè bínú sí mi bí ó ti tọ́.

O mọ̀ pé ìdí mi kì í gbé ibi kan. Mo ṣe olùkọ́, mo fi í sílẹ̀. Mo ṣe akọ̀wé àwọn sójà dé Bọ́mà, mo padà wálé. Mo bá àwọn onígẹdú ṣiṣẹ́, igbó sú mi. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe ògbifọ̀ fún àwọn òyìnbó tí ń gbé ìròyìn ìjọba kiri abúlé. Òyìnbó á sọ̀rọ̀, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn àgbà á fèsì, èmi á dá a padà ní Gẹ̀ẹ́sì. Rachel máa ń sọ pé mo ti di afárá tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Mo fẹ́ràn bí ojú gbogbo ènìyàn ṣe máa ń yí sí ẹnu mi.

Ní ìparí Oṣù Kọkànlá tó kọjá ni ọ̀gá tuntun kan dé sí wa láti Lọ́kọ́ja. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ga, irun orí rẹ̀ sì rí bí irùkẹ̀ àgbàdo tó ti gbẹ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Onírun-Àgbàdo níbi gbogbo tí a bá dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ì bá rọrùn fún mi bí ó bá jẹ́ ènìyàn burúkú. Ó máa ń bi mí léèrè àlàáfíà ilé, ó sì máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwòrán ńláńlá ni ó kó wá, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó: obìnrin òyìnbó tí ń sunkún lójú títì, ọkọ̀ ogun onírin tí ó wó ògiri ilé lulẹ̀, òkú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní Họ́ńgárì ni orúkọ ilẹ̀ náà. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kàn fẹ́ fọwọ́ ara wọn yan olórí ni, àwọn Rọ́ṣíà sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ní oorun kò kùn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí wọn, àti pé níbikíbi lábẹ́ ọ̀run tí ènìyàn bá ti fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣe olórí rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn onítọ̀hún.

Lájídé, nínú mọ́tò tí ó gbé wa lọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ìròyìn kan wà lórí itan mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú oṣù kan náà tí Rọ́ṣíà tẹ Họ́ńgárì mọ́lẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí Íjíbítì. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ní Kẹ́ńyà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n kó sẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún, nítorí pé wọ́n ń bèèrè ilẹ̀ wọn. Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo jókòó lé e. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba etí mi kọjá. Ní Bọ́mà, ọ̀gá wa kan gun orí àpótí ọta, ó ní a wá gba ọmọ ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ olè tó gba ilẹ̀ wọn. Babátọ́pẹ́, ará Makutu, tí a jọ dúró, rọra bi mí pé, “Andrew, lọ́wọ́ ta ni ilẹ̀ náà wà kí olè yìí tó dé?” Mo ní kí ó pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Báyìí ni a ṣe dé Òkè-Àpárò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. O mọ ẹjọ́ àwọn ènìyàn ìyá rẹ. Láti ìgbà tí baálẹ̀ wọn ti kú ni wọ́n ti fẹ́ fi ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n hákímì tí wọ́n gbé ka gbogbo agbègbè náà lórí kò gbà. Ẹni tirẹ̀ ni ó rán wá, ẹni tí kò mọ ọ̀nà oko wọn, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí ó kàn ń jókòó sí ilé ẹjọ́ kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́, tí ó ń dá wọn lẹ́jọ́. Gbogbo wọn pé sábẹ́ igi igbá. Onírun-Àgbàdo sọ̀rọ̀, mo túmọ̀. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ olórí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, mo rí i tí àwọn àgbà ń wo ojú ara wọn.

Ìyá Naomi, arúgbó ahunṣọ nì tí o mọ̀, ni ó kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, “Ẹ wo orí ọmọ yìí, ó ti gbó! Ẹ jẹ́ kí a kórè rẹ̀ kí ẹyẹ tó jẹ ẹ́.” Ẹ̀rín sọ. Òyìnbó bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń yin irun rẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn.

Ẹ̀yìn èyí ni Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí dìde. Ó ní, “Ọmọ Ìbítóyè, bá mi bi í. Àwọn obìnrin tí ń sunkún nínú àwòrán yìí, ṣé ìjọba rẹ̀ mọ orúkọ wọn?”

Òyìnbó ní rárá, kò di dandan kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ṣàánú wọn.

Bàbá ní, “Ó dára. Ó mọ orúkọ tiwa. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé owó-orí, kò fo ẹnìkan. Bi í bóyá àwa náà wà lára àwọn tó wà níbikíbi lábẹ́ ọ̀run.”

Ẹ̀rín tún sọ, òyìnbó náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún bàbá pé ọ̀rẹ́ ni ìjọba jẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá fi pẹ̀lẹ́tù wá òmìnira, pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, kò sí ìwé tí ìjọba kì í kà. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, n kò fi iyọ̀ sí i. Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, n kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n wọ́n wọlé, wọ́n gbé aṣọ jáde.

Bóyá o ti gbàgbé, nítorí ó pẹ́ tí o ti kúrò nílé. Àwọn Bùnú, ẹ̀yà ìyá rẹ, ní aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní ipò, èyí tí wọ́n fi ń sin ẹni ńlá. Wọn kì í fún àlejò. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Àpárò, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ikú àti ìyè, wọ́n máa ń gbé ìrépé rẹ̀ kan lé èjìká ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ara tì. Bí kò bá lè gba ẹrù náà, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dá a padà. Kò sí ìbínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e kọjá odò tí ó jẹ́ ààlà abúlé, ó ti sọ pé ikú yín ikú mi, ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé n óò wà níbẹ̀. Bí ó bá sì jábọ́ kí ó tó kọjá omi, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kò sí ohun tó so yín pọ̀ mọ́.

Mo mọ gbogbo èyí. Ìyá mi àgbà ni ó kọ́ mi. Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí gbé aṣọ náà lé Onírun-Àgbàdo léjìká, òyìnbó sì fọwọ́ pa á, ó ní ó mà dára o, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Gbogbo ojú wà lára mi. Àwọn àgbà rò pé mo ti ṣàlàyé fún un. Òyìnbó rò pé ẹ̀bùn lásán ni. Èmi nìkan ni mo dúró láàárín, tí mo mọ ohun tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò mọ̀, mo sì dákẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo túmọ̀, àfi èyí.

Ó kù díẹ̀ kí o gbọ́ èyí tó burú jù. A wọ mọ́tò. Nígbà tí a dé etí odò, mọ́tò fò lórí òkúta, aṣọ náà sì yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń fọ aṣọ nínú odò dáwọ́ dúró. Èmi àti ọ̀gá ni a jọ jókòó. Bí mo bá fi í sílẹ̀ kí ó jábọ́, ohun gbogbo tán. Lájídé, mo na ọwọ́, mo gbé aṣọ náà padà sí èjìká rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ kí ó má bàa yọ̀ mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. A kọjá omi.

Mo ti bi ara mi ní ọgọ́rùn-ún ìgbà pé kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn n óò ní ìtìjú ni, n kò fẹ́ kí àwọn obìnrin yẹn wò mí bí ẹni tó jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́. Nígbà mìíràn n óò ní ìgbéraga ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òtítọ́ fún ọ, mo rò pé bí a bá fi àṣà wa dè é láìmọ̀, bóyá ìlérí rẹ̀ yóò di òtítọ́ láìmọ̀. Ó wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́nu ìjọba, ó wù mí kí ọ̀kan ṣẹ lójú mi.

Láti ọjọ́ náà ni Òkè-Àpárò ti di abúlé mìíràn. Wọ́n kọ̀wé, gbogbo ilé tẹ ìka sí i. Ìwé náà lọ, kò padà. Nínú Oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ ẹni tí hákímì rán sí wọn, wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì fi Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí jẹ baálẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Bùkún, abúlé tó múlé tì wọ́n, kìlọ̀ fún wọn, wọ́n ní, “Òyìnbó ti gbé aṣọ kọjá odò.” Nígbà tí rédíò sọ pé Góólù Kóòsì ti gba òmìnira, ijó ni wọ́n jó mọ́jú. Wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ló kàn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé àwọn obìnrin inú àwòrán ṣì ń sunkún, pé ìjọba tí oorun kò kùn kò fi ìbọn kan ràn wọ́n lọ́wọ́. Ta ni ì bá sọ fún wọn? Èmi ni, iṣẹ́ mi ni.

Nínú Oṣù Kejì, mo lọ bá ọ̀gá ní Lọ́kọ́ja. Ó gbà mí tayọ̀tayọ̀, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń tẹ́ tábìlì fún tíì. Lájídé, aṣọ náà ni wọ́n tẹ́. Ife tíì mẹ́ta àti àwo bisikíìtì wà lórí aṣọ ipò. Mo ní, “Ọ̀gá, aṣọ òkú nìyí.” Ó gbé ife rẹ̀ sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní a jẹ́ pé kí àwọn ṣọ́ra kí tíì má dà sí i. Kì í ṣe pé ó fi mí ṣẹ̀sín. Kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń sọ ni.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àṣà, odò, ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí, ilé ẹjọ́ tí wọ́n tì. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní ó dun òun. Ó ní ọ̀rọ̀ abúlé àti hákímì, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, kò sí lábẹ́ ọ́fíìsì òun. Ọ̀rọ̀ òmìnira ti òkè òkun ni wọ́n rán òun láti sọ. Ó ní bí ó tilẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun yóò wọkọ̀ ojú omi lọ sí Màláyà, níbi tí àwọn ènìyàn kan ti wà nínú igbó tí ń bá ìjọba jà, tí ó yẹ kí ẹnìkan lọ ṣàlàyé òmìnira fún. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ náà mọ aṣọ hun.

Ó ti lọ. Bóyá ó ti débẹ̀ báyìí, tí ó ti rí ẹlòmíràn bí èmi tí yóò máa bá a túmọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni dógarì kan wá ka àṣẹ lábẹ́ igi igbá. Bí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé bá mọ́, tí Bàbá àti àwọn ọkùnrin méje tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kò bá tíì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá tọrọ àforíjì, wọn yóò wá mú wọn, ilé tí wọ́n bá sì bá wọn nínú rẹ̀, wọn yóò wó o. O gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Òkè-Àpárò nígbà tí dógarì náà lọ tán? Wọ́n dá ọ̀wẹ̀. Tọmọdé tàgbà, wọ́n gé igi, wọ́n fi tẹ́ afárá sórí odò, kí mọ́tò Onírun-Àgbàdo má bàa fò lórí òkúta nígbà tí ó bá ń bọ̀ wá gbà wọ́n. Lánàá ni mo gun kẹ̀kẹ́ mi gba orí rẹ̀ kọjá. Afárá tó dára ni. Ó lè gba lọ́rì tó kún fún dógarì, kò ní mì.

Mo ní kí wọ́n pe àwọn àgbà jọ. Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn: òyìnbó kò mọ ìtumọ̀ aṣọ, ó ti wọkọ̀ lọ, kò sí ẹni tí ń bọ̀, èmi ni mo gbé aṣọ padà sí èjìká rẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí ń jẹ iṣu, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó nu ọwọ́, ó ní, “A mọ̀.”

Mo ní, “Ẹ mọ kí ni, Bàbá?”

Ó ní, “Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ni àwọn obìnrin ti sọ ọ́ fún wa. Òyìnbó lè wá, ó lè má wá, àlejò ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni ó gbé aṣọ yẹn kọjá, ọ̀kan sì jẹ́ ọmọ wa. Ìwọ gbọ́ èdè wọn. Bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Ajé, ìwọ ni yóò bá wa dá wọn lóhùn.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé agbára wo ni ògbifọ̀ ní, kí wọ́n jẹ́ kí a sá lọ sí Òkè-Bùkún kí àwọn àgbà ibẹ̀ bá wọn bẹ hákímì. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bú mi. Ó ní, “Ìwọ ọmọ ilé-ìwé yìí, ẹnu rẹ yìí kan náà ni o fi sọ fún wa pé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan olórí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Andrew wo ni kí a gbà gbọ́, ti ìgbà ọyẹ́ tàbí ti òní?” Ìyá Naomi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ bu iṣu fún un, ebi máa ń fi kún ẹ̀rù.” Wọ́n bu iṣu fún mi, mo jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́wọ́ wọn ni pé kí àwọn ìyá ọmọ kó àwọn ọmọdé lọ sí ahéré oko kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Rachel pé mo fẹ́ padà lọ bá wọn dúró, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, “Ṣé ìwọ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni? Wọ́n ṣèlérí, wọ́n wọkọ̀, ìwọ wá fẹ́ lọ fi orí rẹ mú un ṣẹ!” Ó bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ yìí, lẹ́yìn ìsìn, mo bá a níbi tí ó ti ń di ṣẹ́ẹ̀tì méjì àti ìbora kan sínú àpò mi. Mo bá a so ẹnu àpò náà.

N óò gun kẹ̀kẹ́ padà sí Òkè-Àpárò bí mo bá ti kọ lẹ́tà yìí tán. Má rò pé akọni ni mí. N kò mọ̀ bóyá n óò lè dúró nígbà tí mo bá rí lọ́rì lórí afárá. N óò sọ fún wọn, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá àti ní Haúsá díẹ̀ tí mo gbọ́, pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn ènìyàn yìí pé wọ́n ní ẹ̀tọ́, pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá, pé bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí mi. Bóyá wọn yóò gbọ́. Bóyá wọn yóò gbà á bí mo ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí mi lóòótọ́.

Mo ti fi ìwé sílẹ̀ pé mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú àpòòwé yìí, o ó rí ojú ìwé méjì tí mo kọ ọ̀rọ̀ Onírun-Àgbàdo sí, bí ó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú déètì àti orúkọ mi. Tọ́jú rẹ̀. N kò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Awakọ̀ lọ́rì kan tí mo fọkàn tán ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Bí ó bá di Ọjọ́ Ẹtì tí o kò gbọ́ ohùn mi, gbé ojú ìwé méjèèjì lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn ní Ìbàdàn. Má wálé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé kí o kọ̀wé sí ìjọba láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Òkè-Àpárò, má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá mi. Àwọn obìnrin etí odò ni kí o bi. Ìjọba yóò dá ọ lóhùn dáadáa.

Bá mi kí Magdalene. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o pe orúkọ wọn. Kí gbogbo ará ilé wa tó wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Bí o bá lè dárí jì mí nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, má kọ ọ́ wá. Sọ ọ́ sókè níbi tí o bá wà, n óò mọ̀.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ láti orí bẹ́ńṣì ilé-ìwé,

Andrew Ìbítóyè.